Atọ́nà Tí Í Kìlọ̀: Àbójútó Ètò EGNOS

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń bójú tó EGNOS, ètò sátẹ́láìtì kan ní ilẹ̀ Yúróòpù. GPS ti Amẹ́ríkà ni í fi ibi tí bàálù wà han awakọ̀, ṣùgbọ́n ó lè fi mítà díẹ̀ yẹ̀, kì í sì í tètè kìlọ̀ bí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́. Nǹkan bí 40 ibùdó EGNOS ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Wọ́n ń ṣírò àṣìṣe náà, sátẹ́láìtì mìíràn sì ń gbé àtúnṣe lọ fún awakọ̀. Bí GPS kò bá ṣeé gbára lé mọ́, ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6. Ẹ̀mí èrò wà nínú rẹ̀; ọdún 2011 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i fún ọkọ̀ òfurufú.

Ilé-iṣẹ́ ESSP ní Toulouse ní ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, àjọ EUSPA ní Prague sì ni alábòójútó. Wọ́n ń ṣe ẹ̀dà tuntun tí yóò máa ṣọ́ Galileo pẹ̀lú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ìsinsìnyí kò gbọdọ̀ dá dúró nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá ń wá orúkọ fún irú ètò yìí nínú kíláàsì, "atọ́nà" nìkan kò tó. Lójú tiwa, "atọ́nà-kìlọ̀" ló bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.