Ilé Eré Ìdárayá àti Àtúnṣe Àdúgbò Tálákà: Àpẹẹrẹ Peckham ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Èrò kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń ṣètò ìlú ńlá, pé bí òṣì bá ti ta àdúgbò kan, tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò sì ríṣẹ́ ṣe, kí ìjọba kọ́ pápá ìṣeré tàbí ilé eré ìdárayá síbẹ̀, nǹkan yóò sì yí padà. Èrò náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò pé. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ilé lásán kì í tún àdúgbò ṣe. Irú àṣẹ tí àwọn ará àdúgbò ní lórí ilé náà, àti bí ọ̀nà láti ilé wọn dé ibẹ̀ ṣe rí, ni ọ̀rọ̀ náà dúró lé.

Peckham, ní apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni àpẹẹrẹ tí iṣẹ́ yìí gùn lé. Àdúgbò tí Yorùbá pọ̀ sí ni. Ẹni tí ó bá rìn ní òpópó Rye Lane yóò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tí ń ná ọjà, yóò sì rí èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ rà. Láàrin nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti dán irú àtúnṣe báyìí wò níbẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ ni ó jinlẹ̀ jù. Ní 1926, dókítà méjì, George Scott Williamson àti Innes Pearse, ṣí ilé kékeré kan ní Peckham láti wádìí ohun tí ìlera jẹ́, yàtọ̀ sí ohun tí àìsàn jẹ́. Nígbà tí ó di 1935, wọ́n kó lọ sí ilé ńlá tí Owen Williams ya àwòrán rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pioneer Health Centre. Adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ ni ó wà ní àárín gbùngbùn ilé náà, gbọ̀ngàn eré ìdárayá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ògiri inú ilé, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ó jókòó ti ife tíì rẹ̀ lè máa wo àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́.

Ẹnì kan kò lè dá wọ ẹgbẹ́ náà. Ìdílé lódindi ni í wọ̀ ọ́, ṣílè kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń san. Ilé wọn kò gbọdọ̀ jìnnà ju ibi tí ìyá ọmọ lè ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ dé láìsí wàhálà. Àwọn dókítà a yẹ tọmọ-tìyá-tibàbá wò, wọn a sì sọ ohun tí wọ́n rí fún ìdílé náà, ṣùgbọ́n wọn kì í pàṣẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn tí kò ní àbùkù kankan lára kò tó mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ti rò pé ara àwọn le koko.

Ti àwọn ọmọdé ni ó yẹ kí àwọn onímọ̀ fi ojú sí jù. Rúgúdù ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí olùkọ́ tí ń fọn fèrè sí wọn létí. Nígbà tí wọ́n wá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti gba tíkẹ́ẹ̀tì kí ó sì lọ sí ìdí eré tí ó wù ú, ara wọn balẹ̀. Ohun tí gíláàsì ṣe níbẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí ojúde ń ṣe nínú agboolé Yorùbá: ọmọdé ń jìjàkadì, àgbà ń tayò, ojú àwọn kan kò kúrò lára àwọn yòókù, síbẹ̀ kò sí ẹni tí wọ́n yàn ní olùṣọ́. (Àfiwé yìí ní ààlà o. Ìbátan ni ó so agboolé pọ̀. Ṣílè kan ni ó so ti Peckham.)

Ogun Àgbáyé Kejì ti ilé náà pa ní 1939. Wọ́n tún un ṣí ní 1946, ṣùgbọ́n ó kógbá wọlé ní 1950. Owó kò tó, ètò ìlera tí ìjọba Bìrìtìkó dá sílẹ̀ ní 1948 kò sì rí àyè fún un: ìlera ni ó ń tọ́jú, kì í ṣe àìsàn, àdúgbò kan ni ó wà fún, àwọn ará ibẹ̀ sì ń san owó.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ìbílẹ̀ Southwark kọ́ àwọn ilé olókè ti North Peckham, tí wọ́n fi afárá gígùn so pọ̀ lókè kí ẹlẹ́sẹ̀ má baà pàdé ọkọ̀. Ìpète náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ojúde kò sí lórí afárá. Ọ̀nà àsálà ni ó dà fún olè, ìbẹ̀rù sì ni fún arìnrìn-àjò alẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ilé ìjọba tí wọ́n kọ́ dípò kò pọ̀ tó èyí tí wọ́n wó.

Ara àtúnṣe ìgbà náà ni Peckham Pulse tí wọ́n ṣí ní 1998, níbi tí omi ìlúwẹ̀ẹ́, eré ìdárayá àti ìtọ́jú ìlera ti wà lábẹ́ òrùlé kan. Ó jọ èrò Scott Williamson, àfi pé oníbàárà ni ẹni tí ń wọ ibẹ̀, kì í ṣe ìdílé tí ó ní ilé náà. Nígbà tí ó di 2000, ilé ìkàwé tuntun dúró tì í, ó sì gba ẹ̀bùn Stirling fún ẹwà ìkọ́lé ní ọdún kan náà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Dàmílọ́lá Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó ti Èkó dé ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, kúrò ní ilé ìkàwé náà níbi tí ó ti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Ojú àtẹ̀gùn kan ní North Peckham, láàrin àwọn ilé tí ọ̀pọ̀ ti ṣófo nítorí àtúnṣe, ni wọ́n ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì kú. Àwọn tí wọ́n fi ikú yìí bu àtúnṣe Peckham kù lápapọ̀ ṣàṣejù. Síbẹ̀ ó fi ohun kan hàn tí àwòrán àwọn ayàwòrán-ilé kì í fi hàn: ọmọ náà ní ibi dáradára tí ó ń lọ, kò ní ọ̀nà tí ó lè gbà délé láìséwu. Gbọ̀ngàn eré àwọn ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀kẹta ni pápá kẹ̀kẹ́ BMX tí wọ́n ṣí ní ọgbà Burgess ní 2013, lórí ilẹ̀ tí ilé àti ilé-iṣẹ́ wà tẹ́lẹ̀ kí bọ́ǹbù ogun àti ìwólé tó sọ ọ́ dahoro. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ Peckham BMX ti wà kí pápá náà tó dé. Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Níhìn-ín, ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Kye Whyte, ọmọ ẹgbẹ́ náà, gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà ní Tokyo ní 2021. Àmì ẹ̀yẹ kọ́ ni òṣùwọ̀n àtúnṣe, ṣùgbọ́n pé àwọn ará àdúgbò ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà nínú eré náà jẹ́ ẹ̀rí tí ó lágbára.

Ìbéèrè tí ó kù ni ti owó ilé, tí ó ti ga sókè ní Peckham láti ìgbà náà: ta ni yóò ṣẹ́ kù láti jẹ àǹfààní pápá tí ó jà fún? Ilé tí Williams kọ́ ní 1935 ṣì dúró. Òfin dáàbò bo ògiri rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá. Filáàtì aládàáni ni ó wà nínú rẹ̀.