Ṣé O Mọ̀? Núkílíà, Oòrùn àti Fírísà Ẹja ní Gonzagueville

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí iná núkílíà ti kọ́kọ́ jó láyé, èèyàn kọ́ ló dá a? Ní Oklo, lórílẹ̀-èdè Gabon, yùréníọ́mù inú ilẹ̀ pàdé omi, ó sì ń gbóná fúnra rẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn. Ọdún 1972 ni àwọn onímọ̀ Faransé tó rí àmì rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu tó èyí o.

Tọwọ́ ọmọ aráyé ló wá ń pẹ́. Faransé tó mọ iṣẹ́ yìí bí ẹni mowó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ núkílíà kẹta ní Flamanville lọ́dún 2007. Ó di ìparí 2024 kí iná rẹ̀ tó wọ wáyà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti ń múra ìdánwò bac, èyí tí wọ́n fi ń parí girama, nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ní Côte d'Ivoire, ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìsédò Soubré lórí odò Sassandra. Nígbà tó di 2017, mẹ́gáwáàtì 275 ti dé.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ lè tóbi ju ìlú lọ? Àwọn onímọ̀ ní kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo má ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iná ìlú lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ núkílíà tí Íjíbítì ń kọ́ ní El Dabaa jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,200; gbogbo iná Côte d'Ivoire lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 3,000. Bí òpó kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ru ìdajì òrùlé, ọjọ́ tí ikán bá débẹ̀ ńkọ́?

Oòrùn náà ní àléébù tirẹ̀. Àárín òkun àti ọ̀sà ni Gonzagueville, ní Abidjan, wà. Ìyá ẹlẹ́ja kan níbẹ̀, ọmọ Èjìgbò, ní sólà lórí páànù; bílẹ̀ bá ti mọ́, á gun àkàbà, á fi àkísà tútù nu iyọ̀ òkun tó funfun sójú rẹ̀. Gílóòbù àti fáànù ni sólà náà lè gbé. Iná ìjọba ló ń gbé fírísà, ẹ̀rọ gáàsì Vridi tó wà nítòsí sì wà lára ohun tó ń mú un wá. Ní 2021 tí omi fà nínú àwọn ìsédò, tí ẹ̀rọ ńlá kan tún bàjẹ́, délestage, ìyẹn pípa iná láti àdúgbò dé àdúgbò, dé: omi ẹja ń ṣàn láti inú fírísà dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣé o mọ̀ pé Zaria àti Accra ti ní ẹ̀rọ núkílíà? Kékeré ni, kìlówáàtì bíi 30. Ìwádìí ni wọ́n ń fi ṣe, kì í tanná. Kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ wa lọ. Ṣùgbọ́n sólà Boundiali, lápá àríwá Côte d'Ivoire, ti ń pèsè iná láti 2023. Bátìrì tó lè gbé fírísà mọ́jú ló kù. Ẹ̀yin ìjọba, ìyẹn ni kí ẹ bá ìyá ẹlẹ́ja wá. Ẹja rẹ̀ kò lè dúró de ọdún 17.