Kíláàsì kẹ̀kẹ́ ń dá ẹ̀yìn yín lóró? Ẹ wo ìjókòó kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ tó wá àgbo lọ

Bí ẹ̀yìn bá ń dun ọ̀dọ́ kan nílùú Èkó, ìdáhùn mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá rẹ̀ á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó dín ṣúgà kù. Alágbo àdúgbò á ní òun ní ọpá ẹ̀yìn, kó wá mu ife kan. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń lọ sí jíìmù á ní kó fara dà á jàre, pé ìrora ló ń fi hàn pé eré ìdárayá ń wọ ara. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé kíláàsì kẹ̀kẹ́ ni ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó ronú kan kẹ̀kẹ́ náà.

Kíláàsì tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní spinning: kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, iná bàìbàì, Afrobeats tó ń dún kíkankíkan, àti olùkọ́ tó ń pariwo pé kẹ́ ẹ má dúró. Johnny Goldberg, ọmọ South Africa tó ń gbé ní California, ló dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí 1980 sí 1990. Eléré kẹ̀kẹ́ ni, ó sì fẹ́ máa múra sílẹ̀ fún ìdíje ọ̀nà jíjìn láì jáde nílé. Lónìí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina àti Broad Street, àtàwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun, ń sọdá lọ sí Ikoyi àti Victoria Island lálẹ́ kí wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ yìí.

Mi ò bá wọn jà o. Kò sí danfó tó máa gbá yín nínú yàrá, kò sí kòtò, kẹ̀kẹ́ kì í sì í gbo orúnkún bíi kéèyàn máa sáré lórí kọnkéré. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Níbo ni èèyàn ti fẹ́ rí àyè sáré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ọlọ́jà, ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ti ń du ojú títì mọ́ra wọn lọ́wọ́? Kẹ̀kẹ́ inú yàrá wúlò. Bí wọ́n ṣe ń gbé wa sórí rẹ̀ ni kò dáa.

Ẹ wo bí ọjọ́ wa ṣe ń rí ná. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè ilẹ̀ máa wọ danfó láàárọ̀, á ká ẹsẹ̀ kò, á sì jókòó sínú gó-sìlóò lórí Third Mainland, afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8. Bó bá dé ọ́fíìsì, ó tún di orí àga. Ẹni tó ń tajà, orí àpótí kékeré ló wà látàárọ̀, ó tẹ orí mọ́ fóònù. Nígbà tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá fi máa lù, iṣan iwájú ìbàdí ti le, iṣan ìdí ti sùn, ẹ̀yìn sì ti tẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Ibẹ̀ la ti máa fò sórí kẹ̀kẹ́, ká tún tẹ̀ síwájú fún ìṣẹ́jú 45. Ẹ̀yìn tó ti rẹ̀ la tún gbé iṣẹ́ míì fún.

Lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Bí ìjókòó bá ga jù, ẹsẹ̀ ò ní tó pẹ́dàlì dáadáa, ìdí á máa yí sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ á sì máa jìyà rẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, orúnkún á máa ga sókè, ẹ̀yìn á ká bí ìwọ̀. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá jìnnà, ẹ̀ẹ́ máa nawọ́ sí i títí ẹ̀yìn á fi fà. Bí ẹ bá sì mú kẹ̀kẹ́ náà le jù, nígbà tó bá rẹ iṣan ikùn, ẹ̀yìn nìkan ló kù tó ń di ara mú.

Kì í ṣe àròsọ. Ní 1999, àwọn dókítà kan ní Ísírẹ́lì gbé ìwádìí jáde nínú British Journal of Sports Medicine lórí àwọn ẹlẹ́ṣin kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀yìn ń dùn. Wọ́n kàn tẹ orí ìjókòó síwájú díẹ̀ ni. Ó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èèyàn náà tó rí ìtura.

Àwọn alábàárù Ìdúmọ̀tà mọ ọgbọ́n yìí ṣáájú jíìmù. Wọn kì í kàn gbé ẹrù sórí. Wọ́n á kọ́kọ́ ká òṣùká, wọ́n á gbé e sórí, wọ́n á wò ó bóyá ó jókòó dáadáa, wọ́n á wá ní kí ẹnì kan bá wọn gbé ẹrù rù. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ náà ráyè fún òṣùká. Kí ló dé tí àwa tá a sanwó kò ráyè yí ìjókòó kẹ̀kẹ́?

Kò le. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, kí ìjókòó bá eegun ìbàdí yín dọ́gba. Ẹ gùn ún, kẹ́ ẹ ti ẹsẹ̀ kan dé ìsàlẹ̀ pátápátá: orúnkún gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀, kó má nà gbọnrangandan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè kó bá ìjókòó dọ́gba tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ síwájú, láti ìbàdí ni kẹ́ ẹ ti tẹ̀, kí ejìká rọ̀, kí ìgúnpá má le. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ló ní nọ́ńbà lára. Ẹ kọ tiyín sínú fóònù. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mélòó kan kẹ́ ẹ tó gùn ún. Ẹ fi ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ lo ara fún iṣan ikùn àti ti ìdí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ wa ló yẹ kó kọ́ wa ní gbogbo èyí. Olùkọ́ tí kò yẹ ìjókòó ẹni tuntun wò kó tó tan orin, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, ẹ pè é, ẹ ní kó wá wò yín. Ojú tì yín kẹ̀? Owó yín ni.

Tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dín in kù, ẹ má fi bẹ́ẹ̀dì ṣe ilé: rírìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sàn ju dídùbúlẹ̀ lọ. Ẹ má máa gbé ibuprofen mì lójoojúmọ́, ó ń ba inú àti kíndìnrín jẹ́. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró pò kàn máa jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé ìrora fún alẹ́ ọjọ́ kan ni. Bó bá ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ wá onífisiotẹ́rápì ní ọsibítù ìjọba. Ní Igbobi, ọsibítù eegun ti wà láti 1945. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń kú, tí abẹ́ bá ń kú tipiri, tí ẹ ò bá lè di ìtọ̀ mú, tàbí tí ibà bá bá ẹ̀yìn dídùn náà wá, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ sáré lọ sí ọsibítù.

WHO ní èèyàn mílíọ̀nù 619 ni ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dùn lágbàáyé ní 2020, àti pé ó lè di mílíọ̀nù 843 ní 2050. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa pa eré ìdárayá tì nítorí ìrora tí ìṣẹ́jú márùn-ún ìba ti dènà, nígbà tó jẹ́ pé eré ìdárayá gan-an wà lára oògùn ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ló ń le koko. Kẹ́ ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ yí ìjókòó náà sí ìwọ̀n tiyín.