Bí Èéfín Bá Wọ Inú Dùùrù

Ọ̀rọ̀ ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni a sábà máa ń gbé jáde nínú ìwé yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ píánò ni a mú wá, nítorí pé ó kan ohun ìní wa, ó sì kan ẹ̀mí àwọn ọmọ wa pẹ̀lú.

Dùùrù kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Láti 1914 títí di 1962 ni Thomas King Ekundayo Phillips fi tẹ dùùrù ńlá ní Kàtídírà tí ó wà ní Marina, Èkó, Fela Sowande sì wà lára àwọn tí ó kọ́. Nítorí náà, bí ìdílé kan bá ru píánò bàbá wọn láti Èkó tàbí Ìbàdàn wá sí Abuja, ogún ni wọ́n rù, kì í ṣe pákó lásán.

Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kì í dúró. A ó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn fèrèsé, èéfín rẹ̀ yóò sì rọra wọ pálọ̀. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, rírú ní í rú. Ọjọ́ tí a bá ṣí ìdérí píánò ni òórùn náà yóò sọ ohun tí ó ti ń ṣẹlẹ̀.

Kí ni ó ń gba òórùn náà sára? Àwọn òòlù kéékèèké tí ń lu okùn ni, nítorí irun àgùntàn tí a tẹ̀ pọ̀ ni a fi bò wọ́n, àti pákó tí a kò kùn. Okùn irin bí 230 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn tí ohùn wọn nípọn sì ní bàbà tí a wé mọ́ wọn. Eruku dúdú inú èéfín ní kíkan nínú, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé rọ́bà tàbí ike ni ó jó. Bí ó bá pẹ́ lára okùn, okùn yóò dógùn-ún, yóò sì já.

Báyìí ni kí ẹ ṣe. Ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ díẹ̀, kí oòrùn má ṣe pa á tààrà. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ń fa eruku, tí ó ní búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lẹ́nu, fa inú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ da baking soda tàbí èédú sínú abọ́ tí kò ní ìdérí, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ inú píánò, kí ẹ sì pa á dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe wọ́n ìyẹ̀fun náà sára okùn tàbí òòlù.

Ẹ má ṣe fi bílíìṣì, fínígà tàbí lọ́fíndà kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò fi ẹ̀rọ ozone lé òórùn, ẹ kọ̀ fún un: a máa jẹ irin, a sì máa ba rọ́bà jẹ́. Bí òórùn bá kù síbẹ̀, ẹ pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún píánò ṣe, kí ó pààrọ̀ irun àgùntàn náà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí. Èéfín tí ó dé inú píánò ti kọ́kọ́ gba imú àwọn ọmọ wa kọjá. Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ ni gáàsì carbon monoxide wà, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Kí ẹ tó nu píánò, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ó kéré tán mítà 6 sí ilé, kí ẹ má sì tàn án nínú ilé tàbí ní bàkóní láéláé.

Olúwa yóò máa ṣọ́ ilé wa. Àṣẹ.