Ta Ló Ka Èémí Aláìsàn Yìí?

Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná. Ẹ wo ẹni tó bá wà nítòsí yín, kí ẹ ka iye ìgbà tí àyà rẹ̀ gbéra sókè láàárín ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má sọ fún un o, torí tí èèyàn bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun, bó ṣe ń mí máa ń yí padà. Tí ara àgbàlagbà bá le, tó sì jókòó jẹ́ẹ́, ẹ máa rí nǹkan bíi 12 sí 20.

Ó rọrùn, àbí? Iṣẹ́ tó rọrùn yìí ni mo fọwọ́ yẹpẹrẹ mú lóru ọjọ́ kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàkóbá fún bàbá arúgbó kan.

Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè másítà nínú biochemistry ní ìlú kan ní England. Físà àwa akẹ́kọ̀ọ́ gbà wá láyè láti fi wákàtí 20 ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, mo sì gba iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá kan. HCA la máa ń pe ara wa. Àwa la máa ń wẹ àwọn aláìsàn, tí a máa ń fún wọn lóúnjẹ, tí a máa ń yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí egbò má bàa dá sí wọn lẹ́yìn. Àwa náà la tún máa ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìgbóná ara wọn.

Lóru ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, a ò pé rárá. Èmi nìkan ni mò ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì. Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Mo wọn ìfúnpá, ó dáa. Ọ́síjìn, ó dáa. Ìgbóná ara, kò séwu. Ó ku mímí. Ní wọ́ọ̀dù wa, kò sí ẹ̀rọ tó ń bá wa ka ìyẹn, ojú àti aago la fi ń kà á. Mo wo bàbá fìrí, mo kọ 18. Kí ló dé tó fi jẹ́ 18? Torí pé 18 lẹni tó ṣáájú mi kọ ni.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó iṣẹ́ mi lóru yẹn, obìnrin Yorùbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, wo ohun tí mo kọ.

"Ṣé o kà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kò bá mi jiyàn. Ó lọ dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bàbá náà, ó gbé aago tó fi há àyà aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì kà á fún ìṣẹ́jú kan. 26 ló rí.

Ohun tó wà láàárín 18 àti 26

Àwọn ilé ìwòsàn níbí ń lo òdiwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní NEWS2. Royal College of Physicians ló gbé e jáde lọ́dún 2017. Gbogbo ohun tí a bá wọ̀n lára aláìsàn ló ní máàkì tirẹ̀, láti òdo dé 3, a ó sì wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ń mí ní ìgbà 12 sí 20 níṣẹ̀ẹ́jú kan gba òdo. Tó bá ti tó 25, ó gba 3. Tí nǹkan kan ṣoṣo bá gba 3, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ pe dókítà wá wò ó kíákíá. Ìyẹn ni pé 18 tí mo kọ, "ẹ jẹ́ kó máa sùn" ló ń wí. 26 ń wí pé "ẹ dìde!"

Kí ló dé tí ẹ̀rọ ọ́síjìn ò fi sọ fún wa? Nígbà tí àkóràn bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, omi àti ọyún máa ń kún àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú rẹ̀, ọ́síjìn ò sì ní rọ́nà wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lọ́rùn wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn míì wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Tí ọ́síjìn bá ń lọ sílẹ̀, tàbí tí carbon dioxide àti àsìdì bá ń pọ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn iṣan tí a fi ń mí pé kí wọ́n yára. Yíyára yìí ló máa gbé iye ọ́síjìn tó wà lójú ẹ̀rọ ró fúngbà díẹ̀. Ẹ̀rọ á máa sọ pé kò séwu, bẹ́ẹ̀ ara ti ń jà fitafita. Ìdí nìyẹn tí mímí fi máa ń wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń yí padà tí ara bá fẹ́ dẹnu kọlẹ̀.

Dókítà dé, wọ́n ya fọ́tò àyà bàbá. Otútù àyà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn lóru yẹn, bàbá sì padà sílé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ta ló jẹ̀bi?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá Àǹtí nọ́ọ̀sì nínú yàrá tí a ti ń mu tíì. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Irọ́ ni mo pa. Mi ò kà á."

Ó ní, "Mo mọ̀. Àbúrò, dókítà ò sí níbẹ̀ lóru. Ohun tó o bá kọ ló máa fi ṣiṣẹ́." Ó mu tíì rẹ̀ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Èmi ni mo gbé iṣẹ́ èèyàn méjì fún ọ, mi ò sì bi ọ́ bóyá agbára rẹ gbé e."

Mo rò pé ó kàn fẹ́ tù mí nínú ni. Àfìgbà tí mo ka ìlànà iṣẹ́ wọn. Nursing and Midwifery Council, àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí nọ́ọ̀sì bá gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe, kó máa bójú tó o, kó sì rí i dájú pé iṣẹ́ náà yọrí sí bó ṣe yẹ. Àwa HCA ò sí nínú ìwé orúkọ kankan bíi tiwọn. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ìwé àṣẹ rẹ̀ ló wà nínú ewu.

Lọ́dún 2013, lẹ́yìn ìwádìí ńlá tó tú àṣírí ìyà tó jẹ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Stafford, ìjọba ní kí Camilla Cavendish yẹ ọ̀rọ̀ àwọn olùrànlọ́wọ́ wò. Ó rí i pé àwa la sábà ń pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ju àwọn nọ́ọ̀sì lọ, síbẹ̀ kò sí ẹ̀kọ́ kan pàtó tí gbogbo wa gbọ́dọ̀ kọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni Care Certificate ti wá. April 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìlànà 15. Èmi náà ṣe é. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́, bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn láì ba ẹ̀yìn ara ẹni jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ò lè dúró tì mí lóru.

Kí ni ìwádìí sọ?

Ilé ìwòsàn tówó ò tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣírò báyìí pé: owó nọ́ọ̀sì kan pọ̀, ti olùrànlọ́wọ́ kéré, ẹ jẹ́ ká gba olùrànlọ́wọ́ sípò nọ́ọ̀sì. Lọ́dún 2017, Linda Aiken àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 243 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Yúróòpù. Wọ́n rí i pé tí a bá fi olùrànlọ́wọ́ kan rọ́pò nọ́ọ̀sì kan láàárín aláìsàn 25, odds ikú aláìsàn fi 21% ga sí i. Ẹ ṣọ́ra o, èyí ò túmọ̀ sí pé èèyàn 21 nínú 100 ló máa kú. Tó bá jẹ́ aláìsàn 10 nínú 1,000 ló ń kú tẹ́lẹ̀, á di nǹkan bíi 12.

Ṣé àwa la wá ń pa wọ́n ni? Rárá. Ìwádìí míì tí Peter Griffiths àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní England, tó jáde lọ́dún 2019, wo àwọn aláìsàn tó lé ní 138,000. Níbi tí nọ́ọ̀sì bá ti pọ̀ sí i, ikú dín kù. Níbi tí olùrànlọ́wọ́ bá ti kéré jù, ikú pọ̀ sí i. Àmọ́ níbi tí olùrànlọ́wọ́ bá ti pọ̀ jù náà, ikú tún pọ̀ sí i! Irú ìwádìí báyìí ò lè sọ pé nǹkan kan ló fa èkejì ní tààrà, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lóru yẹn bá a mu. Tí olùrànlọ́wọ́ mẹ́fà bá wà lábẹ́ nọ́ọ̀sì kan, ta ló máa ráyè lọ tún èémí kà? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kò sí èyí tó lè rọ́pò èkejì.

Nílé ńkọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ "ọ̀gísílárì nọ́ọ̀sì". Láwọn ilé ìwòsàn àdáni kan, wọ́n á gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, wọ́n á kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á wọ aṣọ funfun fún un, ni gbogbo èèyàn bá ń pè é ní nọ́ọ̀sì. Àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Nàìjíríà ò kà wọ́n mọ́ nọ́ọ̀sì. Mi ò bú àwọn ọmọ náà o. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ kára ju owó tí wọ́n ń gbà lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé nígbà tí ọmọ yẹn bá kọ 18, ó lè máà sí nọ́ọ̀sì kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó máa béèrè pé, "Ṣé o kà á?"

Nítorí náà, tí ẹ bá ní ẹni yín ní ilé ìwòsàn, ẹ fi sùúrù béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù yìí lálẹ́ òní?" Tí ẹ bá sì rí i pé ẹni yín ń mí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ lọ sọ iye tí ẹ rí fún nọ́ọ̀sì náà.

Èmi àti Àǹtí ṣì jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Tí mo bá ti kọ iye mímí tán báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Mo kà á, mà." Nígbà míì, ó ṣì máa ń dìde lọ tún un kà. Kò dùn mí mọ́.