Sìpàgẹ́tì Olómi, Ata Lọ́tọ̀

Ní Kútọ̀nú, sìpàgẹ́tì kì í ṣe oúnjẹ àjèjì mọ́. A ń rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń se oúnjẹ tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbígbẹ ni a sábà máa ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú òróró àti ata díndín. Ẹ̀kọ́ òní dá lórí sìpàgẹ́tì olómi, irú èyí tí wọ́n ń jẹ ní erékùṣù Hawaii. Saimin ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Hawaii jìnnà sí wa. Àárín Òkun Pàsífíìkì ló wà. Ó di ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1959. Oko ìrèké ló kó oríṣiríṣi ènìyàn jọ síbẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í dé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ oko ní ọdún 1852. Àwọn ará Japan dé lọ́pọ̀lọpọ̀ láti ọdún 1885. Àwọn ará Filipini dé ní ọdún 1906. Owó iṣẹ́ wọn kéré. Inú àdàlù oúnjẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni saimin ti jáde. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé oúnjẹ olówó ni.

Edé gbígbẹ wà lára ohun tó ń mú omi rẹ̀ dùn. Ṣé àwa kò ní edé ni? Wọ́n ń pa edé ní ọ̀sà Nokoué, nítòsí Kútọ̀nú níbí. Wọ́n tún ń fi ewéko inú òkun sí i ní Hawaii. Àwa lè ṣe é láìsí ìyẹn.

Ohun tí ẹ ó wá fún ènìyàn márùn-ún nìyí: ife edé gbígbẹ kan, omi lítà méjì, àlùbọ́sà kan, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, ẹyin márùn-ún, àlùbọ́sà eléwé, àti páálí sìpàgẹ́tì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ gíráàmù 500. Bí ẹ bá ní ẹja yíyan, ẹ fi kún un. Ní Hawaii, wọ́n ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lé e lórí, ṣùgbọ́n ilé tí kì í jẹ ẹ́ kò pàdánù ohunkóhun.

Ẹ ṣan edé kí iyanrìn kúrò. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà méjì náà fún ààbọ̀ wákàtí. Ẹ má da omi yẹn nù, òun ni ọbẹ̀ yín. Ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti atalẹ̀ tí ẹ ti fọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó hó kùùkùù, nítorí ìhó líle ń mú kí omi náà rú. Lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ.

Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Edé ti ní iyọ̀ tirẹ̀. Ibí yìí ni májí ti máa ń ba nǹkan jẹ́. Àgbàlagbà kò yẹ kí ó jẹ ju gíráàmù 5 iyọ̀ lọ lóòjọ́, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí. Ìyẹn kò ju ṣíbí kékeré kan lọ. Ẹ mú páálí májí, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bí ẹ bá rí «sel» níwájú, iyọ̀ nìyẹn ní èdè Faransé. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, kí ó ka ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.

Ìkòkò mìíràn ni kí ẹ fi se sìpàgẹ́tì. Bí ẹ bá sè é nínú omi edé, ìyẹ̀fun rẹ̀ yóò sọ omi náà di ẹ̀kọ. Ẹ se ẹyin náà lọ́tọ̀, kí ẹ bó o, kí ẹ là á sí méjì.

Wàyí o, ata. Ilé tí ọmọ kékeré wà, tí ìyá àgbà wà, tí bàbá tó fẹ́ràn ata sì wà, ta ni a ó sè é fún? Àwọn ará Hawaii ti rí ọgbọ́n kan dá sí i: wọ́n ń fi ata sínú ìgò. Ẹ gún ata wẹ́wẹ́ mẹ́wàá pẹ̀lú ẹyọ ààyù kan. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ àti ṣíbí fínígà kan sí i. Ẹ da ife omi kan tó ti hó, tó sì ti tutù, lé e lórí. Ẹ gbé e sínú ìgò tó mọ́, kí ó sun ọjọ́ kan. Ibi tó tutù ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má ṣe é lọ́pọ̀, kí ó má baà bàjẹ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun, ẹ bu sìpàgẹ́tì sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ẹyin, ẹja àti àlùbọ́sà eléwé lé e. Ẹ wá da omi edé gbígbóná lé e lórí, kí ẹ gbé ọmọ kékeré jìnnà sí ibẹ̀ ná. Kí olúkúlùkù kán omi ata tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Edé tó kù nínú asẹ́ ń kọ́? Ó ṣì ní adùn díẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fi se ọbẹ̀ ilá ọjọ́ kejì.