Yíyan Hístẹrẹ́sìsì tí ó Yẹ fún Schmitt Trigger: Àpẹẹrẹ Sítébíláísà Inú Ilé ní Abẹ́òkúta

Ìfáárà

Otto Schmitt, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ṣàgbékalẹ̀ Schmitt trigger ní ọdún 1934. Ojú-ìwọ̀n méjì ni ó ní: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàrin méjèèjì ni hístẹrẹ́sìsì. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí a wọn àlàfo náà.

Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Abẹ́òkúta, fólítì iná mànàmáná kì í dúró sójú kan. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń lo sítébíláísà tí ó ń já iná fíríìjì bí fólítì bá lọ sílẹ̀ jù. Bí ojú-ìwọ̀n bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ká ní 180 fólítì, ìgbì díẹ̀ lórí wáyà yóò mú kí iná fíríìjì máa já, kí ó sì máa padà láìsinmi. Irú èyí lè jó kọ̀ńpúrésọ̀.

Ìṣirò àlàfo

Ohun méjì ni a ní láti wọ̀n. Èkíní ni ìgbì orí wáyà. Èkejì ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbàgbé: bí fíríìjì bá ti já kúrò, fólítì yóò gòkè fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹrù ti fúyẹ́ lórí wáyà. Bí àlàfo kò bá ju àròpọ̀ méjèèjì lọ, iná yóò tún padà, fólítì yóò tún wálẹ̀, iná yóò sì tún já.

Ká ní ìgbì jẹ́ 4 fólítì, ìgòkè sì jẹ́ 6; àròpọ̀ wọn jẹ́ 10. Bí a bá fi ìdajì rẹ̀ kún un fún ààbò, àlàfo di 15. Iná yóò já ní 180, yóò sì padà ní 195. Bí a bá pín fólítì wọ̀nyí sí ọ̀nà 50 kí wọ́n tó wọ inú sákíìtì, wọn yóò di 3.6 àti 3.9, àlàfo di 0.3. Bí ìjáde sákíìtì bá ń lọ láti 0 dé 12 fólítì, ìdá kan nínú ogójì rẹ̀ ni yóò padà sẹ́yìn. Resistor 1 kílóòmù àti 39 kílóòmù yóò ṣe é.

Ìkádìí

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bí àlàfo bá di 40, iná kò ní padà títí fólítì yóò fi dé 220. Níbi tí kò bá ti dé ibẹ̀ ní alẹ́, ẹja inú fíríìjì yóò bàjẹ́ bí iná tilẹ̀ wà. Nítorí náà, kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi mítà wọn fólítì àdúgbò ní òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ kí wọ́n tó yan resistor.